Òpó Omi Aláwọ̀ Méjì

Iná méjèèjì ti ń tàn kí Fádérera tó wọ yàrá ayẹ̀wò. Wọ́n wà lórí òpó omi tuntun tí wọ́n gbé sí àárín yàrá, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, omi sì ń kán tó, tó, tó sínú garawa tó wà nísàlẹ̀. Ìwé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ pé pupa ni ọ̀kan, àwọ̀ ewé ni èkejì. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Lójú Fádérera, àwọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì, bí ẹrẹ̀ tí oòrùn ti pa gbẹ. Ohun kan ṣoṣo tó fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni pé ti apá òsì mọ́lẹ̀ ju ti apá ọ̀tún lọ díẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé èyí tó bá mọ́lẹ̀ jù ni àwọn ènìyàn sábà máa ń pè ní àwọ̀ ewé.

"Ewé lósì, pupa lọ́tùn-ún," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

Ọdún méjìlá ló ti ń wí bẹ́ẹ̀ nínú yàrá yìí, ẹnikẹ́ni kò sì fura sí i. Wọ́n tilẹ̀ ń yìn ín ni. Wọ́n ní nínú gbogbo oníyẹ̀wò tó wà ní Ilé Àwọ̀, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ mú tó tirẹ̀. Iṣẹ́ tí Fádérera bá ti kọ̀, kí oníṣẹ́ má wulẹ̀ bá a jà, kó lọ tún un ṣe. Wọn ò mọ̀ pé olójú-eérú ni, ẹni tí kò mọ pupa yàtọ̀ sí ewé, tí òfin kò gbà kó gba ẹnu ọ̀nà Ilé Àwọ̀ wọlé, ká má tíì sọ pé kó di òǹtẹ̀ ìlú mú. Ìyá rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ nílé ìwòsàn ojú ló kọ́ ọ ní ìdáhùn. Ó há bí wọ́n ṣe to àwọn páálí ìdánwò sórí, ó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ lórin: mẹ́rìnléláàádọ́rin, mẹ́fà, òfo, méjìlélógójì. Títí di òní, bí Fádérera bá ń fọ abọ́, orin yẹn ló máa ń sọ sí i lẹ́nu.

Ọ̀gá Adégòróyè, olórí àwọn oníyẹ̀wò, mi orí, ó sì na awò eérú sí i. Ìlú ló ṣe awò náà kí ẹni tí ojú rẹ̀ pé lè rí ayé bí olójú-eérú ṣe ń rí i. Gbogbo oníyẹ̀wò ló ń fi í sójú, tí wọ́n á sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Fádérera fi í sójú. Kò sí ohun kan tó yí padà, kò sì yí padà rí láti ọdún méjìlá. Ó mí kanlẹ̀ bí àwọn yòókù ṣe máa ń ṣe, ó sì bọ́ ọ.

Kò sí ohun tó kù ju kó tẹ òǹtẹ̀ lọ. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ ìlú ń gbà. Méjì ti wà nílẹ̀, ti Adégòróyè ni ọ̀kan. Adájọ́, ẹ̀rọ tó wà lára ògiri, ti sọ tirẹ̀ láti àárọ̀ pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín iná méjèèjì tó, iṣẹ́ náà sì yege. Ẹgbẹ̀ta òpó ló wà nínú àgbàlá, tí wọ́n máa rì mọ́lẹ̀ káàkiri ìlú lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gbẹ́ni Ṣọlákúnmi, agbaṣẹ́ṣe tó ṣe wọ́n, jókòó sí igun yàrá, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń wo aago. Ó ti sọ lẹ́ẹ̀mejì pé àwọn olóyè ìlú ń retí ìwé òun kó tó di ọ̀sán.

Fádérera gbé òǹtẹ̀ sókè. Ibi tó ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀ ti kan àwòrán òpó náà nínú ìwé, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Iná kan ṣoṣo ló wà nínú àwòrán.

Ó bi Ṣọlákúnmi pé iná mélòó ni yóò wà lórí òpó bó bá dé ojú títì. Ó ní ọ̀kan ni. Ó ní yàrá ayẹ̀wò nìkan ni wọ́n ti ń so èkejì mọ́ ọn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìlànà ṣe wí: méjì-méjì ni kí wọ́n máa yẹ àwọ̀ wò, ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ẹni tó bá mọ bí omi ṣe ń wá ní ìlú Àkúrọ̀ Titun yóò mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi dì lára Fádérera. Omi méjì ló ń gba inú páìpù kan ṣoṣo. Omi mímu á wá fún wákàtí díẹ̀, omi ìfọ̀ á gba ipò rẹ̀, omi tí wọ́n ti da kẹ́míkà sí, tó ń bó èéfín kúrò lẹ́yìn ìkòkò, tí kò sì ní òórùn, tí kò ní ìkorò. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa pààrọ̀ wọn. Iná orí òpó ló ń sọ èyí tó ń dà. Bí ó bá jẹ́ ewé, mu. Bí ó bá jẹ́ pupa, fi fọ ilẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ọ̀kan," ló wí. "Èyí tó bá wù yín. Mo máa kọ ẹ̀yìn."

Adégòróyè rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló dé tí ó fẹ́ máa ṣe eré ọmọdé níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì tẹ bọ́tìnnì tó ń pa ọ̀kan, tó sì ń gbé èyí tó kù wá sí àárín. Fádérera yí padà. Iná kan wà níbẹ̀, ó ń tàn gbòò ní àárín òpó, kò sì sọ nǹkan kan fún un. Kò sí èkejì tó máa fi wé. Ó wò ó títí omi fi lé ròrò sí i lójú, ó rí i pé bí òun bá gbé ife sábẹ́ rẹ̀ báyìí, orí ló máa yọ òun.

Ó gbé òǹtẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní iṣẹ́ náà kò dára.

Ṣọlákúnmi sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Adégòróyè ní kí ni kò dára níbẹ̀, ṣe bí pupa gbàràgàdà nìyẹn. Ó gbé awò eérú, ó fi í sójú, ó ní pẹ̀lú awò náà, òun ṣì mọ̀ pé pupa ni. Ó bọ́ ọ, ó sì tẹ́ ọwọ́ bí ẹni tó ti parí ẹjọ́.

Fádérera wò ó. Ó ti mọ̀ kó tó fi í sójú. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ bọ́tìnnì! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni gbogbo wọn ti ń ṣe láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé Ilé Àwọ̀: wọ́n á fi ojú tó pé wo iná, wọ́n á mọ èyí tí ó jẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi awò sójú, tí wọ́n á ní àwọn ṣì mọ̀ ọ́n. Ọdún méjìlá ló ti wà láàárín wọn, kò sì rò ó kàn rí, nítorí pé ọ̀rọ̀ bí wọn kò ṣe ní ká òun mọ́ ni òun ń fi gbogbo ọgbọ́n rò. Inú bí i sí wọn, inú sì bí i sí ara rẹ̀.

Ó ní kí ọ̀gá di ojú ná, kó fi awò sójú nígbà tí ojú ṣì wà ní dídì, kí òun wá tan ọ̀kan. Adégòróyè ní rárá. Ó ní kò sí nínú ìwé ìlànà, òun kì í sì ṣe ọmọ iléèwé.

"Ẹ jẹ́ kí iná máa kọ ọ́ sára òpó nígbà náà," ni Fádérera wí. "Mímu. Ìfọ̀. Ó tán."

"Ní èdè ta ni?"

Ìbéèrè yìí ni wọ́n fi ń pa ènìyàn lẹ́nu mọ́ ní Àkúrọ̀ Titun. Nígbà tí òkun gba etíkun, tí elédè mẹ́jọ sá wá tẹ ìlú náà dó, pátákó ojú títì ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n sun pátákó, wọ́n sun ilé, wọ́n sì pa ènìyàn. Láti ìgbà náà, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ sí lára ohun ìlú. Fádérera ní kí òpó máa sọ̀rọ̀ ńkọ́. Adégòróyè rán an létí Òfin Ìdákẹ́jẹ́, tó ní ohun ìlú kò gbọdọ̀ fọhùn. Fádérera ní kí wọ́n kúkú ṣe òrùka kan tó máa yọ lára ẹnu ẹ̀rọ nígbà tí omi ìfọ̀ bá ń dà, kí ọwọ́ lè bà á. Adégòróyè ní àmì ni òrùka, inú àmì sì ni lẹ́tà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń ka àdúrà, ohun tó sì ń bí Fádérera nínú jù ni pé ó gbà á gbọ́.

Ṣọlákúnmi wá dá sí i. Ohùn rẹ̀ dùn, ohùn ẹni tí kò sí ìyà kan tó ń jẹ ẹ́.

"Màdáámù, ẹ fọkàn balẹ̀. A ti rì ọ̀kan mọ́lẹ̀ wò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ìdí-Ìyeyè. Ẹjọ́ ẹnì kan péré la gbọ́, bàbá arúgbó kan tó ń ṣe káfíńtà. Ó lọ gbé ife sábẹ́ iná pupa ní ọ̀sán gangan, ó mu ún. Àìfarabalẹ̀ àgbà ni. Òun náà kò tilẹ̀ fẹjọ́ sùn, aládùúgbò ló wá sọ."

Omi ń kán sínú garawa.

Káfíńtà arúgbó kan ṣoṣo ló wà ní Ìdí-Ìyeyè. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá tí bàbá Fádérera ti ń bì, tí kò lè gbé ẹ̀kọ mì, tí ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní ọgbẹ́ inú ni, ọgbẹ́ inú àtijọ́ ló tún dìde. Fádérera ra oògùn ọgbẹ́ inú fún un. Ó jókòó tì í, ó ń fi ṣíbí bu oògùn sí i lẹ́nu, bàbá náà sì ń gbé e mì pẹ̀lú ìrora, ó ń ní o ṣeun, Àbẹ̀ní, ó ti ń rọ̀ mí. Ó mọ̀. Bàbá náà mọ̀ pé omi ni, ó sì fi pamọ́ fún un. Bí ó bá sọ pé òun kò mọ pupa yàtọ̀ sí ewé, wọ́n á yẹ ojú rẹ̀ wò, bí wọ́n bá sì ti yẹ ojú bàbá wò, ojú ọmọ ló kàn. Nítorí òǹtẹ̀ tó wà lórí tábìlì yìí ni bàbá rẹ̀ ṣe ń fi ọ̀fun tó bó gbé oògùn tí kò wúlò mì.

Inú bí Fádérera débi pé etí rẹ̀ ń ho. Ó fẹ́ gbá òpó náà wó. Ó fẹ́ bu omi inú garawa kó fi fọ ẹnu tí wọ́n fi pe bàbá òun ní aláìfarabalẹ̀. Kò ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ó di etí tábìlì mú, ó ń ronú, ìbínú náà sì jẹ́ kí ìrònú rẹ̀ já gaara.

Bí òun bá kàn kọ̀ láti tẹ òǹtẹ̀, oníyẹ̀wò márùn-ún mìíràn wà nínú ọgbà. Wọ́n á pe ọ̀kan, yóò rí pupa gbàràgàdà, yóò tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, ẹgbẹ̀ta òpó á ti wà nílẹ̀, igun títì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹnì kan níbì kan tí òùngbẹ ń gbẹ, tí yóò tijú láti béèrè.

"Adájọ́," ló wí, "ka abala kọkàndínlógún fún wa."

Ohùn ẹ̀rọ náà tutù bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Bí olójú-eérú bá fúnra rẹ̀ dúró níwájú iṣẹ́, tí ó sì kùnà ju ìgbà márùn-ún lọ nínú ogún, iṣẹ́ náà dúró, bí olórí bá fọwọ́ sí i."

Adégòróyè ní abala yẹn kò tíì ṣiṣẹ́ rí. Ó ní láti ọdún tí wọ́n ti kọ ọ́, kò sí olójú-eérú kankan tó wá ṣàròyé, èyí sì fi hàn pé iṣẹ́ Ilé Àwọ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn.

"Báwo ni wọ́n ṣe máa wọlé?" ni Fádérera bi í. "Ṣé kì í ṣe àwọ̀ lẹ fi ń ṣí ilẹ̀kùn yín ni?"

Ó mọ ohun tó máa bá a. Òǹtẹ̀ á lọ, ilé tó ń gbé nínú ọgbà á lọ, ẹni tó bá sì parọ́ ojú fún ìlú, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni. Ó rántí ìyá rẹ̀, obìnrin tó ti kú, tó fi odidi oṣù mẹ́fà ka páálí lẹ́yìn ìgbálẹ̀ kí ọmọ òun má bàa ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn. Ó bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé kó forí jì òun. Lẹ́yìn náà ló lọ dúró níwájú òpó, ó sì kọjú sí ògiri.

"Kọ orúkọ mi sílẹ̀, Adájọ́. Fádérera Akínṣípẹ́. Olójú-eérú ni mí. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Káfíńtà Ìdí-Ìyeyè ni bàbá mi."

Ẹnu Adégòróyè là díẹ̀, kò sì padé. Adájọ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìyanu. Ó pa iná méjèèjì, ó tan ọ̀kan ní àárín òpó, ó sì ní kó dáhùn. Fádérera ní pupa. Ó tan òmíràn, tàbí ó tún tan ti àkọ́kọ́, kò mọ̀. Ó ní pupa. Ó ní ewé. Ó ń wá ìmọ́lẹ̀ tó ju ìmọ́lẹ̀ lọ bí ó ti máa ń ṣe, kò sì rí ohun tó máa gbá mú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kọkànlá, òógùn ti bo ọrùn rẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹ̀rù, bí kò ṣe pé gbogbo ìdáhùn tó ń sọ, ó ń rí ọwọ́ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ife. Èyí, ó mu ún. Èyí, kò mu ún. Èyí, ó mu ún.

"Mẹ́sàn-án ló gbà nínú ogún," ni Adájọ́ wí. "Olójú-eérú ni lóòótọ́, ẹyinjú rẹ̀ tí mo yẹ̀ wò jẹ́rìí sí i. Iṣẹ́ dúró bí olórí bá fọwọ́ sí i kí ọ̀sán tó pọ́n. Òǹtẹ̀ rẹ̀ ti di òfo."

Ṣọlákúnmi dìde. Ó ní ẹ̀tàn gbáà ni, ó ní ẹni tó fi ọdún méjìlá parọ́ kò lè wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dá iṣẹ́ ìlú dúró, ó ní òun ń lọ pe àwọn tó ju Adégòróyè lọ. Ó jáde, ó sì gbá ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀.

Adégòróyè jókòó. Ó dà bí ẹni tí wọ́n yọ egungun lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun sì ń fi í yangàn níbi ìpàdé, àṣé ó ti ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ó béèrè pé gbogbo iṣẹ́ tó ti fòǹtẹ̀ lù ńkọ́, ta ni yóò tún gbà wọ́n gbọ́.

"Àwọn tí mo kọ̀ ni kí ẹ rò, sà," ni Fádérera wí. "Ojú yìí náà ni mo fi kọ̀ wọ́n. Ṣé ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo ṣì?"

Adégòróyè gbé kálàmù rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ní bí òun bá fọwọ́ sí i, orúkọ òun ló bàjẹ́. Bí òun kò bá sì fọwọ́ sí i, gbogbo rẹ̀ á kọjá lọ bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Ó ní kí Fádérera máa lọ sílé, kó lọ tọ́jú bàbá rẹ̀, òun á wá ọ̀nà tí wọn ò fi ní mú un.

Fádérera mọ̀ pé àánú ni. Àánú náà tilẹ̀ tún wá bí i nínú ju ẹ̀gàn lọ. Ó gbé awò eérú lórí tábìlì, ó sì dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ di ojú yín, sà. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ ṣe."

Ó pẹ́ kó tó di í, ṣùgbọ́n ó di í. Fádérera rọra fi awò náà sí i lójú, bí ẹni ń fi fìlà dé bàbá lórí. Ó lọ síbi òpó, ó tẹ bọ́tìnnì kan láìwo èyí tí ó jẹ́, iná kan tàn ní àárín òpó, ó gbé ife sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ. Páìpù omi méjèèjì ni wọ́n so mọ́ òpó inú yàrá náà. Ife kún. Òun náà kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó gbé e lé Adégòróyè lọ́wọ́, ó sì ní kó la ojú.

Adégòróyè wo iná. Ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, ó sún mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn.

"Àwọ̀ wo nìyẹn, sà?"

Ó tún na ọrùn sí iná náà.

"Oòrùn ń ràn. Òùngbẹ ń gbẹ yín. Kò sí ẹnikẹ́ni lójú títì, bí ẹnì kan bá sì wà, ẹ ò gbọdọ̀ bi í. Ṣé ẹ máa mu ún?"

Adégòróyè gbé ọwọ́ kejì sókè láti bọ́ awò náà. Fádérera di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò tíì fọwọ́ kan ọ̀gá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kò sì fi ipá mú un, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dé ojú.

"Bàbá mi kò ní nǹkan tó máa bọ́, sà."

Adégòróyè dúró bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ife ní ọwọ́ kan, pẹ̀lú ọwọ́ kejì nínú ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ba, ó wá ilẹ̀ fún ife náà, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ohun tó lè bú gbàmù. Awò náà ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tó ní kí Adájọ́ mú ìwé tí òun máa fọwọ́ sí wá.